Omi Tó Ń Hó Láì Gbóná

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Èmi alára ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé bàbá mi ni. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn mú, ọjà Ifọ̀ ń hó yèè. Bàbá mi, ládàánì mọ́sáláásí àdúgbò wa, gbá gbohùngbohùn mú, ó pe ìrun, ó pè é dé ibi tó yẹ kó ti máa lọ sópin, ló bá fi ohùn rẹ̀ tó dùn bí oyin yẹn kéde fún gbogbo ayé pé ìrun sàn ju oorun lọ.

Ta ló ń sùn? Ìpè ìdájí nìkan la máa ń fi gbólóhùn yẹn sí, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì wà lórí ẹní. Alápatà kan tó ń gé ẹran lọ́wọ́ lódìkejì títì pariwo dáhùn pé, "Bàbá, a ti jí o! Àtàárọ̀ la ti jí!" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá mi dúró síwájú gbohùngbohùn, kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Rọpárọsẹ̀ kékeré kan ló kì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ó dìde ńbẹ̀. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń rìn, ẹnu ò wọ́. Àmọ́ àwọn dókítà l'Abẹ́òkúta sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé inú ọpọlọ rẹ̀ dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, ó ń lò ó. Ohun tó kù ni pé àkókò ń pò mọ́ ọn lójú. Á jí lójú oorun ọ̀sán, á ní ilẹ̀ ti mọ́, á bu omi àlùwàlá, á máa bi ìyá mi pé ṣé kò ní dìde kírun ni.

Ìyá mi, Bùrẹ́ímọ̀, ìyẹn gan-an ni kò fẹ́ gbọ́. Tí ohun kan bá wà tí ìyá mi kórìíra láyé, kí wọ́n jí i ní ìdájí ni. Ó ń dìde, ó ń kírun ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á dì, ẹnu ẹ̀ á gùn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Àfi tí oòrùn bá yọ tán ni yóò tó mú tìróò, yóò lé e rekete, yóò wá di èèyàn. Ó ní ojú tí oorun ṣì wà nínú rẹ̀ kì í gba tìróò. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí tìróò lójú ìyá mi kí oòrùn tó yọ rí.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Jímọ̀ ẹlẹ́rìn-ín yẹn, Lèmọ́ọ̀mù pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Lèmọ́ọ̀mù wa. Ó ní, "Bàbá Ládàánì, ẹ sinmi díẹ̀. Zubair á máa bá wa pè é. Jímọ̀ tó máa gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀, ẹ wá pè é fún wa. Tó bá ti pé, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Ọlọ́hun á lọ́ra ẹ̀mí yín. Tí kò bá pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ti Zubair."

Zubair ò ṣe nǹkan kan fún wa. Ọmọlúàbí ni, táìlì ilẹ̀ ló ń lẹ̀, bàbá mi gan-an ló kọ́ ọ ní ìpè. Bàbá mi ní ó dáa, ó relé. Ó délé, kò jẹun. Ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ìyá mi pè mí lórí fóònù ní Mọ́wé.

"Ròkí, bàbá ẹ ò jẹun o. Kí n tó mọ̀ ọ́n ló ti ń pe ìrun. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló tún máa jí i dìde?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Èmi alára ò fara balẹ̀. Aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́, mo ran apá ẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ.

Mọ́wé ni ìsọ̀ mi wà, lọ́nà Ọ̀fàdà. Oníbàárà mi kan wà tó ń jẹ́ Àyànfẹ́olúwa, ọmọ àwọn onígbàgbọ́ tó kó wá láti Èkó. Fisió ni, ìyẹn àwọn tó máa ń bá èèyàn na iṣan tí ara bá kọṣẹ́. Ó kàwé lọ sí ilẹ̀ Họ́ńgárì, ó padà wá, ó gba ilé kan lẹ́yìn ìsọ̀ mi, ó ri ọpọ́n ìwẹ̀ funfun ńlá kan síbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé ọmọ yìí kàwé lọ sókè òkun, ìwẹ̀ ló kọ́ bọ̀. Èmi náà wà lára wọn. Ọjọ́ tó wá wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wò ni mo ro ẹjọ́ bàbá mi fún un.

Ó ní, "Àǹtí Ròkí, ẹ mú wọn wá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a máa gbé wọn sí, a ó wá fẹ́ gáàsì sínú rẹ̀."

"Gáàsì ìdáná?"

"Ẹlẹ́dàá mi! Rárá o. Èyí tó máa ń wà nínú míńrà, tó máa ń yọ fófòó. Òun náà la máa ń mí jáde lẹ́nu. Tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ó máa ń gba awọ ara wọlé, òpó ẹ̀jẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á máa rí ọ̀nà lọ. Àwọn tó ti wò ó fínnífínní rí i pé ẹ̀jẹ̀ inú orí pàápàá lè yára sí i fúngbà díẹ̀."

"Ṣé á wá rántí nǹkan?"

Ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, mà. Ara á tù wọ́n, orí lè fúyẹ́. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ má fi orúkọ mi búra. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi oògùn wọn sílẹ̀." Ó tún gba nọ́ńbà dókítà Abẹ́òkúta, ó pè é, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ kó tó dá ọjọ́ fún wa.

Ọjọ́ Àtàlátà ni wọ́n dé, Bàbá àti ìyá mi. Àyànfẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá mi wo ọpọ́n, ó wo agolo gáàsì tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fọwọ́ lérán.

"Ọmọ mi, ṣé inú míńrà lo fẹ́ ti ọkọ mi bọ̀?"

"Kò ní ṣúgà nínú, mà," ni Àyànfẹ́ dáhùn.

Bàbá mi gbà kó bọ́ aṣọ, ó wọ ṣòkòtò péńpé, àmọ́ ó ní kò sẹ́ni tó máa ṣí òun ní fìlà níwájú ọmọ ọlọ́mọ. A bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Bó ṣe wọ inú omi nìyẹn, tòun ti fìlà funfun, ó jókòó pẹ̀lẹ́ bí ọba. Omi náà ń hó wùyẹ̀wùyẹ̀ láì gbóná. Nígbà tó yá, àwọn hóró fófòó kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọrùn ẹsẹ̀ dé àyà. Ó fọwọ́ nù ún kúrò lórí itan, òmíràn tún lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó ń jẹ mí yúnyún," ló wí. "Ó sì dáa."

Àyànfẹ́ ti gbé nǹkan kan tó rí bíi bírò lé e ní ẹ̀bátí kó tó wọ omi, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti dún fún wa: fùú, fùú, fùú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú orí Bàbá kọjá la gbọ́ yẹn. Lẹ́yìn tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú omi, ó tún gbé e sí i. Fùú-ù! Fùú-ù! Ó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yá. Ìyá mi fò sókè.

"Bàbá Ròkí! Orí yín ń sáré!"

"O ò rí nǹkan," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú orí mi."

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi ní kí Àyànfẹ́ jẹ́ kí òun di nǹkan náà mú, ó sì dì í mú, ó tẹ́tí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Àyànfẹ́ wá fi aṣọ funfun kan bo ojú ọpọ́n, ó fà á dé ọrùn Bàbá, orí nìkan ló yọ síta. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó tan fáànù. Ó ní gáàsì yẹn wúwo, ojú omi ló máa ń sùn sí, kò dáa kéèyàn máa mí i símú. Ìyá mi ń wo aṣọ, ó ń wo fèrèsé, ó ń mirí. Èmi rò pé ó gbọ́ ni.

Nígbà tí a ń bá ọ̀nà Ọ̀fàdà padà lọ, bàbá mi ní orí òun fúyẹ́. A dé Papalanto, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọkọ̀. Ó pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìpè ọ̀sán, kò fi nǹkan ìdájí kún un. Dírẹ́bà dáhùn Àmín. Bó ṣe délé, ó béèrè oúnjẹ.

Bí a ṣe ń lọ ní Àtàlátà-Àtàlátà nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá mi á máa dán an wò. "Bàbá Ròkí, ìrun wo là ń pè?" "Àìlà ni, ìrun ọ̀sán." "Ṣé ìrun sàn ju oorun?" "Fún ìwọ, Bùrẹ́ímọ̀, tọ̀sán-tòru ló sàn ju oorun!" Inú mi dùn. Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tó ṣì ń jí lọ́sàn-án tó ń bu omi àlùwàlá, ìyá mi ò sọ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tí Jímọ̀ náà máa bọ́ sí ló wá gbé tiẹ̀ dé. Ẹ gbọ́ o. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tó ṣàìsàn ibà tí kò mọ ooru àgbo. Wọ́n á gbé ìkòkò àgbo gbígbóná síwájú ẹ, wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ẹ́ mọ́lẹ̀ torí-tẹsẹ̀, ìwọ á máa làágùn, wọ́n á ní o ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ooru tó bá jáde, agbára àgbo ló jáde yẹn. Ìyá mi ti jókòó ti ọpọ́n Àyànfẹ́ títí, ó ti rò ó, ó ti tún un rò. Lójú tiẹ̀, ọmọ yìí ń fi agbára ṣòfò. Ó bo ara, ó fi orí síta, ó tún ṣí fèrèsé, bẹ́ẹ̀ orí ló ń dùn wá! Ta ló ń wo orí tó ń fi orí sílẹ̀?

Òun ti mọ ohun tó máa ń hó láì gbóná náà. Ẹni tó bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún rí mọ̀ ọ́n. Ló bá ra káún, ó ra ọsàn wẹ́wẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan, ó fún un títí ọwọ́ fi bó o.

Ọ̀sán Àlàrùba ni mo dé sílé wọn, mo gbé jalámíà tuntun tí mo rán fún Bàbá dání. Mo bá ìyá mi lórí àpótí níwájú balùwẹ̀, ó ń ja tẹ̀sùbáà.

"Bàbá dà?"

"Ó wà nínú ibẹ̀. Rọra, má ṣílẹ̀kùn, kó lè wọ̀ ọ́ lórí."

Ẹ̀rù bà mí láì tíì mọ ìdí. Mo taari ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá mi ti fi aṣọ dí fèrèsé pa. Bàbá mi jókòó nínú báàfù ńlá, omi ń hó ṣàà, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù nínú ilé yẹn bò ó láti orí, ó sì ti fara ti ògiri. Mo pè é, kò dáhùn. Mo ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì dànù, mo ki apá bọ abẹ́ apá ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí agbára ti wá, mo wọ́ ọ jáde sí àgbàlá. Mò ń fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìborùn mi, mò ń pe Ọlọ́hun, mò ń pe orúkọ ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún mí. Ó la ojú, ó wò mí.

"Ròkí," ló wí. "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

Oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run. Inú mi bàjẹ́ débi pé ṣe ni mo yíjú sí ìyá mi.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Kí lọmọ yẹn sọ fún yín? Kí ló dé tí ẹ kì í gbọ́rọ̀? Ta ló rán yín níṣẹ́?" Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, mi ò fi ọ̀kan sábẹ́ ahọ́n. Ìyá mi tí ẹnu ẹ̀ ju tèmi lọ dúró ti ògiri, ọwọ́ ẹ̀ tí omi ọsàn ti bó dì mọ́ra, tìróò ń bá omijé ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni," ló wí níkẹyìn. "Mo kàn fẹ́ kó lè pè é ni."

Ilẹ̀ ni bàbá mi wà tó ti sọ̀rọ̀. "Ròkí, o ò ní dákẹ́? Ta lo ń jágbe mọ́? Ìyàwó mi nìyẹn o. Ibi tí mo lọ ò burú, ó kàn ń rùn bí ọsàn ni."

A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò síṣòro. Àyànfẹ́ gan-an gbéra láti Mọ́wé, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi. Ó ní, "Ìyá, òkè ni ooru àgbo máa ń lọ, ẹ bò ó kó má baà lọ. Ti gáàsì yìí, ilẹ̀ ló máa ń sùn. Tí ẹ bá bò ó mọ́ orí, kò ní jẹ́ kí Bàbá rí afẹ́fẹ́ gidi mí. Èmi ni mi ò là á yé yín tó." Ìyá mi di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Jímọ̀ dé. Ìyá mi ti dìde, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣófo. Látọjọ́ tó ti sunkún yẹn, kò fọwọ́ kan tìróò. Bàbá mi wọ jalámíà mi, ó bá a mu wẹ́kú. Ó wo ìyá mi.

"O ò lé tìróò?"

"Kò wù mí."

"Lọ lé e. Mi ò lè mú obìnrin ojú oorun lọ sí Jímọ̀."

Ìyá mi kùn, ó wọlé, ó lé e. Mo rí i pé bàbá mi dúró dè é dáadáa, ó wo ojú náà kó tó di pé ó mú ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mọ́sáláásí wa ṣe rí. Ládàánì máa ń kọjú sí Kíbúlà, ìyẹn ìhà Mẹ́kà. Tó bá dé ibi tí a ti ń pe èèyàn wá kírun, á yí ojú sí ọ̀tún. Tó bá dé ibi tí a ti ń pè wọ́n wá sí ọlà, á yí ojú sí òsì. Lẹ́yìn òsì yẹn gan-an ni gbólóhùn oorun máa ń wọlé tó bá jẹ́ ìdájí. Apá òsì yẹn náà ni fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dọ̀ àwa obìnrin wà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni ìyá mi máa ń jókòó sí látijọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a dù ú.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Áà, ohùn yẹn! Kò gbọ̀n rárá. Ó jẹ́rìí, ó tún jẹ́rìí. Ó yíjú sí ọ̀tún, ó pe èèyàn wá kírun. Ó yíjú sí òsì, ó pè wọ́n wá sí ọlà. Ó wá dákẹ́.

Ó dákẹ́ gan-an. Gbohùngbohùn ń kùn hìììì. Zubair dúró lẹ́yìn ẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì, kò gbójú gbóyà láti ran ọ̀gá ẹ̀ lọ́wọ́. Alápatà òdìkejì ti gbé ọ̀bẹ dúró. Ìyá mi ti fún ọwọ́ mi pa. Bàbá mi ṣì yíjú sí òsì, ó ń wo ọ̀dọ̀ wa láti ojú fèrèsé, ó ń wò, ó ń wò.

"Aláhù Akbar! Aláhù Akbar!"

Ó kọjá ibẹ̀! Kò dárúkọ oorun! Ó pè é tán, ó pé, mo sì bú sẹ́kún níbi tí mo jókòó sí. Ìyá mi ní kí n má ba àlùwàlá òun jẹ́ pẹ̀lú omijé. Ó ti padà di ara ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, àwọn èèyàn ń kí i, alápatà náà wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lèmọ́ọ̀mù ní, "Bàbá Ládàánì, ó pé o. Iṣẹ́ yín ń dúró dè yín." Bàbá mi dúpẹ́. Ó wá na ọwọ́ mú gbohùngbohùn, ó gbé e lé Zubair lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Zubair dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ó mà pé o! Ẹ ò ṣì í pè!" Bàbá mi fọwọ́ kàn án lórí, ó sọ pé kó máa pè é lọ, ó jáde.

Inú bí mi. Gbogbo wàhálà yìí, Àtàlátà gbogbo, káún, ọsàn, ọsibítù! Mo dúró títí ìyá mi fi síwájú pẹ̀lú agbòjò ẹ̀, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

"Bàbá, kí ló dé? Ẹ pè é, ó sì pé! Kí lẹ gbé e sílẹ̀ sí?"

Ó ní, "Nígbà tí mo yíjú sósì, Ròkí, gbogbo ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìdájí ni àbí ọ̀sán. Mo wá rí ìyá ẹ lójú fèrèsé, ó ti lé tìróò. Mo ní, háà, ọ̀sán ni."

Ẹ̀rín pa mí. "Ẹ ò rí i! Ẹ ṣáà rí ọgbọ́n dá sí i. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa pè é lọ."

"Ọjọ́ tí mo bá yíjú sósì," ni bàbá mi wí, "tí mi ò bá bá a níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo iwájú, mo wo agbòjò ìyá mi. Ìyá mi yíjú padà láti iwájú. "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ nípa mi? Ẹ yára o, oòrùn ń pa mí!"

"A ní tìróò ẹ dáa," ni Bàbá dáhùn. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ kíákíá, ó lé ìyá mi bá, ó gba iwájú ẹ̀ kọjá sí ọ̀tún, kí ìyá mi lè wà lápá òsì ẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sílé.